Ọyẹ́ ti ń bọ̀: báwo lèèyàn ṣe lè máa sáré lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọmọ kéékèèké nílé?

Ìyá Mẹ́ta Lágere

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé "ẹ tẹra mọ́ ọn, Olúwa á ràn yín lọ́wọ́". Àlàyé tó ní iye nínú ni mò ń wá.

Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀: ọmọ ọdún 8, ọmọ ọdún 5, àti àbígbẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2. Iléṣà ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, aago 6:15 ló ń jáde nílé. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ń gbé àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì ní 7:10. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń sáré báyìí, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ sọ ọ́ di ojoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá títí ọyẹ́ á fi kúrò nílẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Aago mélòó ló dáa jù, nígbà tí ilẹ̀ kì í tètè mọ́ lásìkò yẹn? Kí ni kí n ṣe sí eruku, torí bí ọyẹ́ bá ti mú, ọ̀fun mi máa ń ha lẹ́yìn eré, màá sì máa wú ikọ́ gbígbẹ títí dọ̀sán? Ẹ̀kẹta, gìgísẹ̀ ń dùn mí nínú kánfáàsì tí mò ń wọ̀, owó bàtà tuntun kò sì sí nílẹ̀. Ẹ ṣeun o.

Kóòṣì Pápá

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọ̀rọ̀ "ojoojúmọ́" yẹn ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fara pa. Ìṣẹ́jú 90 lẹ̀ ń sá lọ́sẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá wá ń sá ìṣẹ́jú 30 lójoojúmọ́, ó di 210 lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Èémí yín lè gbà á. Egungun ojúgun àti iṣan tó so gìgísẹ̀ mọ́ ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kò ní gbà á, torí pé oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń le, nígbà tí èémí ti dáa láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń yá gágá ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí ojúgun á sì máa ro èèyàn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ń sá tẹ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 péré sí ọjọ́ mẹ́rin tó kù. Ìṣẹ́jú 10 ni mo wí o, kódà bí ara bá ń sọ pé kí ẹ máa lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ẹ sọ 10 yẹn di 15. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó di 20, kó sì dúró síbẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 170 lọ́sẹ̀, ó sì tó gbogbo ohun tí ẹni tó ń tọ́mọ nílò nínú ọyẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ àfikún lẹ́yìn ìyẹn, Sátidé nìkan ni kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú 5 kún, lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Ní ti bí eré ṣe yẹ kó le tó, ẹ máa ki oríkì ara yín bí ẹ ṣe ń lọ. Bí ẹ bá lè ki gbólóhùn mẹ́ta tó gùn láìjẹ́ pé ẹ mí hẹlẹ láàárín wọn, eré yẹn dáa. Bó bá jẹ́ pé "Àjọkẹ́" lẹ ṣì ń pè tí èémí ti gba ẹnu yín, ẹ ti sá jù. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà nínú méje ló yẹ kó rọrùn báyìí. Ọjọ́ keje, bí ara bá le, ẹ lè fi ìsáré kíkan ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú méjì sinmi láàárín wọn.

Aago: ní oṣù Kíní, nǹkan bí aago 7 ni oòrùn ń yọ ní Ifẹ̀. Bí bàbá àwọn ọmọ bá ń jáde ní 6:15, inú òkùnkùn ni ẹ ó ti máa sáré, kò sí àtúnṣe sí i, àfi ọjọ́ ìsinmi. Ẹ máa lọ ní 5:20, kí ẹ wọlé ní 5:50. Ẹ wọ aṣọ funfun tàbí ẹ̀wù olómi ọsàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ń wọ̀, èyí tí ìlà ara rẹ̀ ń tàn bí iná mọ́tò bá bà á. Tọ́ọ̀ṣì orí sàn ju ti ọwọ́ lọ. Apá òsì títì ni kí ẹ máa gbà, kí mọ́tò lè máa bọ̀ lójú yín, nítorí ọ̀kadà tí kò tanná pọ̀ ní ìdájí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má fi nǹkan dí etí.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ: etí títì máa ń rẹlẹ̀ sápá gọ́tà kí omi òjò lè ṣàn. Bí ẹ bá ń sá lórí ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kan á máa tẹ ilẹ̀ ju ìkejì lọ, orúnkún tàbí ìbàdí apá kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ni kí ẹ yí padà, ẹ má sáré dá bàtà lẹ́bi. Pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé kan nítòsí ló dáa jù fún ìyẹn. Pápá tó gùn ní mítà 100, tó fẹ̀ ní 64, ìyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 328, nítorí náà ìyípo mẹ́ta kù díẹ̀ kó pé kìlómítà kan. Ẹ yí sápá ọ̀tún lónìí, kí ẹ yí sápá òsì lọ́la. Títì inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dáa púpọ̀, igi wà, eruku rẹ̀ sì kéré sí ti Lágere. Ṣùgbọ́n lílọ bíbọ̀ á jẹ gbogbo ìṣẹ́jú 30 yín tán, Sátidé ni kí ẹ fi í sí.

Nọ́ọ̀sì Parakin

Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ ọ̀fun àti ikọ́ yìí.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá gbẹ táútáú, ó sì gbé eruku lẹ́búlẹ́bú dání. Iṣẹ́ imú ni láti fi omi rin ín, kó mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì sẹ́ eruku tó tóbi kúrò nínú rẹ̀ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá sáré débi tó ń fi ẹnu mí ti yọ imú lẹ́nu iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn á kọjá lórí ọ̀fun lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀fun á gbẹ, ikọ́ á sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, oògùn àkọ́kọ́ kò sí ní ilé ìpoògùn. Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ẹ rìn kánkán tàbí kí ẹ sáré pẹ̀lẹ́ débi tí imú nìkan tó.

Ẹ̀kejì ni ibi tí ẹ ń gbà. Ní ìdájí ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tútù máa ń sùn sílẹ̀, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á wà lórí rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín ààtàn tí wọ́n sun ní alẹ́, ti jẹnẹrétọ̀, ti igi àwọn aláàkàrà, gbogbo rẹ̀ á há sábẹ́ ọmọrí yẹn títí oòrùn á fi yọ tí ilẹ̀ á gbóná. Ẹ wá ọ̀nà tí kò gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn, kódà bí ó bá gùn sí i.

Kí ẹ tó jáde, ẹ wo iná pupa orí òpó máàsì kan tí ẹ mọ̀, tó jìnnà sílé yín tó nǹkan bí kìlómítà kan. Bí ẹ bá rí i kedere, ẹ máa lọ. Bó bá ń ṣe bàìbàì, ẹ dín eré kù sí ìdajì. Bí ẹ kò bá rí i rárá, eruku ọjọ́ náà kò ṣeé bá ṣeré, ẹ jókòó sílé. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú o pé wọ́n tan iná máàsì náà!

Hánkáṣíìfù tí a fi bo imú ń ran ọ̀fun lọ́wọ́ torí pé ó ń di omi èémí mú. Kò lè dá eruku tó kúnná dúró. Ìbòmú N95 lè dá a dúró, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rin gbindin, mímí á le, kò sì dáa fún eré tó kan. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó rìn.

Omi: ẹ mu ìdajì píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn 25cl, kí ẹ tó jáde, kí ẹ mu ìyókù bí ẹ bá wọlé. Òógùn ọyẹ́ ń gbẹ kí ẹ tó rí i, àwọn èèyàn á ní "n kò tiẹ̀ làágùn lónìí", bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ti ya ìlà funfun sí ẹ̀yìn aṣọ dúdú wọn. Ìtọ̀ tó bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì ń sọ fún yín pé omi kò tó. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà kò pọn dandan fún ìṣẹ́jú 30. Bó bá di eré tó ju wákàtí kan lọ, ẹ po ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ mọ́ lítà kan omi mímọ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì. Kí ṣíbí náà tẹ́jú, kó má ga. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu.

Bí ẹ bá dé, ẹ fi ìdajì ṣíbí iyọ̀ sínú ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi yọ ọ̀fun, kí ẹ tu ú dànù.

Imú tó bá ṣẹ̀jẹ̀: ẹ jókòó, ẹ tẹ orí síwájú, ẹ fi ìka méjì fún ibi rírọ̀ ní ìsàlẹ̀ imú pọ̀, ẹ máa fi ẹnu mí. Ìṣẹ́jú 10 gbáko ni, ẹ má tú u wò. Gbígbé orí sẹ́yìn tí gbogbo wa kọ́ nílé ìwé kò dáa, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn lọ sí ọ̀fun ni.

Mo fẹ́ kí ẹ fojú sí àwọn wọ̀nyí. Bí àyà bá ń dún fée-fée tàbí tó ń fún mọ́ yín, ikọ́ fée (asthma) lè ni, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó tún sáré. Ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀, tí dókítà ti fún ní oògùn fífà símú, kó bi í bóyá kó máa fà á kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má pè é ní ikọ́ eruku mọ́. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ àwúbì (TB), ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ fi ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ojoojúmọ́ láìgba àṣẹ dókítà, torí òtútù àti àìtó omi lára wà lára ohun tó ń fa ìrora egungun wọn. Bí ara bá gbóná, kò sí eré lọ́jọ́ náà, àyẹ̀wò ibà ló kàn. Ọ̀fìnkìn tí kò ju imú lọ ò burú. Èyí tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, ẹ sinmi.

Bàtà Lọ̀rọ̀

Ìyá Mẹ́ta, gìgísẹ̀ tó ń dunni kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ sọ èyí tó jẹ́.

Bó bá jẹ́ pé awọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló ń bó tàbí tó ń lé ròrò, bàtà ló ń fò sókè sódò. Ẹ wo ihò tó wà lókè pátápátá, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi okùn sí. Ẹ ti okùn bọ̀ ọ́ láti òde wọnú, ní apá kan náà, kó ṣe ojóbó kékeré. Ẹ ṣe ìkejì bákan náà. Ẹ wá gbé ojú okùn ọ̀tún gba inú ojóbó òsì, ti òsì gba inú ti ọ̀tún, ẹ fà á wálẹ̀ kí ẹ tó so ó. Gìgísẹ̀ á jókòó. Ọ̀fẹ́ ni.

Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ ló ń dùn, pàápàá ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá ti rìn díẹ̀, iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Ẹ dojú kọ ògiri, ẹ ti ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra fara ti ògiri fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún yí àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ìgò ike tí omi inú rẹ̀ ti di yìnyín, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má rìn lórí táìsì láìwọ sálúbàtà. Eré ojoojúmọ́ yín á dúró de ọ̀sẹ̀ tí ìrora òwúrọ̀ yẹn bá lọ, ẹ má ṣe agídí.

Bó bá jẹ́ pé gìgísẹ̀ ló sán, ọyẹ́ nìyẹn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi òkúta ìhagìgísẹ̀ ha á, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òrí sí i, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bíléèdì gé e.

Nípa owó: ẹ lọ yan ọ̀kíríkà, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ẹ má wo òkè rẹ̀, wọ́n lè fọ òkè kó máa dán. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù tó wà láàárín bàtà àti rọ́bà ìsàlẹ̀. Ó yẹ kó rọ̀ díẹ̀ kó sì padà. Èyí tó bá le bíi pákó tàbí tó ní ìlà wẹ́wẹ́ bí ojú àgbàlagbà, ó ti kú. Ẹ tẹ iwájú rẹ̀ sókè, ibi ọmọìka ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti ká, kì í ṣe àárín. Ẹ gbé e sórí tábìlì títẹ́jú: bó bá ń mì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ wọ́, ẹ̀yin náà á máa tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ẹ gbìyànjú láti fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò lára òkè. Gọ́ọ̀mù bàtà tó ti pẹ́ nínú kọ̀ǹténà máa ń gbó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, òun ló ń já sílẹ̀ lójijì ní kìlómítà kejì.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì mú ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń sáré dání. Kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ wà níwájú ìka tó gùn jù. Èékánná ẹsẹ̀ tó ń dúdú, àìsí àyè yìí ló ń fà á. Bàtà eré tuntun máa ń tó kìlómítà 500 sí 800; ọ̀kíríkà, ẹ ṣírò ìdajì.

Ọmọ Ọbókun

Láti Iléṣà mo kí gbogbo yín. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti imú, ẹ jẹ́ kí n wá béèrè gbèsè inú ilé, òṣómàáló kúkú ni wá.

Ẹ wò ó, òwúrọ̀ kọ́ ni eré ìdájí ti ń bà jẹ́. Alẹ́ ni. Ohun tó ń jẹ àkókò jù nínú ọyẹ́ ni omi ìwẹ̀, torí ọmọ kò ní gbà kí ẹ da omi tútù sí i lára. Ẹ se omi ní alẹ́ bí gáàsì bá ti wà lójú iná fún oúnjẹ, ẹ rọ ọ́ sínú fílásíkì lítà mẹ́ta méjì, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ ilé ìwé. Ní òwúrọ̀, ẹ kọ́kọ́ da nǹkan bíi lítà méje omi tútù sínú báàkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó da ti fílásíkì lé e. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má da gbígbóná ṣáájú o, ọmọ ọdún 2 lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó yíjú padà.

Aṣọ ilé ìwé ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ lọ̀ ọ́ bí iná bá ti wà. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ sè ní alẹ́ á kàn gbóná lórí ìkòkò ògì ni. Ẹ̀wà tí ẹ máa lọ̀ ní òwúrọ̀ kò bá eré ìdájí mu, ẹ fi àkàrà sí Sátidé.

Ọ̀rọ̀ àbígbẹ̀yìn: ohun tó ń jí wọn kì í ṣe ìjáde yín, iná àti ariwo ni. Ẹ kó aṣọ eré, ìbọ̀sẹ̀, tọ́ọ̀ṣì àti kọ́kọ́rọ́ sí pálọ̀ ní alẹ́, kí ẹ má baà tan iná yàrá. Ẹ kán epo díẹ̀ sí ìdè ilẹ̀kùn. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ náà sùn, torí ìdájí títí oòrùn á fi yọ ni òtútù ọyẹ́ ń mú jù, ẹsẹ̀ tútù á sì jí i kí ẹ tó dé. Bàbá wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti 5:20 títí di 5:50, òun ni alábòójútó, kó má tún wọ ilé ìwẹ̀ lásìkò náà. Ẹ bá a sọ ọ́ ní alẹ́, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tó ń sùn láìsí àgbà nílé, bó ti wù kí eré náà kúrú tó.

Àgbà Ẹnuwá

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ṣé dandan ni ojoojúmọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó èèyàn. Ilé kò gbọdọ̀ dàrú nítorí eré.

Kóòṣì Pápá

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, kò sí òfin tó ní kó jẹ́ ojoojúmọ́. Ara kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àti méje. Àǹfààní rẹ̀ wà nínú ilé gan-an: ẹni tó ń sáré lójoojúmọ́ kì í bára rẹ̀ jiyàn ní aago 5 bóyá òní ni tàbí ọ̀la. Ron Hill, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sáré lójoojúmọ́ láti oṣù Kejìlá ọdún 1964 títí di oṣù Kíní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n máìlì kan péré, ìyẹn kìlómítà 1.6, ni ìwọ̀n tó kéré jù tó fún ara rẹ̀. Ìwọ̀n kékeré yẹn ni kí ẹ kọ́ lára rẹ̀. Àpẹẹrẹ burúkú náà wà lára rẹ̀ o: lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lẹ́sẹ̀, ó ṣì ń fi ọ̀pá rin máìlì kan rẹ̀, torí kò fẹ́ kí òǹkà ọjọ́ tó ti fi ń sáré léraléra já. Ìyẹn kò kan ẹni tó ń gbé ọmọ pọ̀n.

Ìyá Mẹ́ta, ọjọ́ tí ó yẹ kí òǹkà ọjọ́ tiyín já: bí ẹ bá fi ìka kan tẹ ojúgun tí ibi kan ṣoṣo ta yín bí abẹ́rẹ́. Ìrora tó tàn káàkiri ojúgun lè gba ìsinmi ọjọ́ méjì-mẹ́ta. Èyí tó dúró sójú kan lè jẹ́ pé egungun ti fẹ́ sán, ó di ilé ìwòsàn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọmọ kò bá jẹ́ kí ẹ sùn tó wákàtí márùn-ún. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ kà á sí eré. Ẹni tó bá fẹ́ bá yín jiyàn, ẹ ní kó wá gbọ́mọ.

Ìyá Mẹ́ta Lágere

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidi. Bàtà Lọ̀rọ̀, ti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ni, ó ń bó, ó sì tún sán. Ìbéèrè méjì ló kù. Bàbá wọn kì í sùn sílé ní Ọjọ́bọ̀, nítorí náà àárọ̀ Ẹtì kò ní sí ẹnikẹ́ni. Ṣé ìrọ̀lẹ́ ni? Àti òrí: ṣé kí n fi para kí n tó jáde ni?

Kóòṣì Pápá

Ẹtì, ẹ sá a nínú ọgbà ilé. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn mítà 20, nǹkan bí ìṣísẹ̀ gígùn 25, ẹ fi òkúta sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Àlọ 50 jẹ́ kìlómítà kan. Wàhálà rẹ̀ ni ìyípadà: bí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ kan náà yí, orúnkún rẹ̀ á gbọ́ ọ. Ní òkúta kìíní ẹ yí sápá ọ̀tún, ní ìkejì ẹ yí sápá òsì, kí ẹ sì rin ìṣísẹ̀ méjì kí ẹ tó yí. Ẹ ṣí fèrèsé yàrá ọmọ díẹ̀, kí ẹ lè gbọ́ bó bá jí. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó.

Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí 6:40, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 5:45. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí pápá, kí wọ́n máa ṣeré láàárín, kí ẹ máa yí wọn ká. Ẹ má gba títì Lágere tàbí Sábó lákòókò náà, gbogbo mọ́tò ló ń relé.

Nọ́ọ̀sì Parakin

Òrí: ẹ̀yìn gìgísẹ̀, itan níbi tó ń ha ara wọn, àti ètè, ẹ lè fi sí wọn kí ẹ tó jáde. Ojú àti ọwọ́, ó di ìgbà tí ẹ bá wẹ̀ tán tí ara ṣì tutù díẹ̀, torí eruku á lẹ̀ mọ́ òrí bí ìyẹ̀fun mọ́ epo. Fún inú imú, ẹ fi ìwọ̀nba bíi orí ìṣáná kan sí ẹnu ihò rẹ̀ ní alẹ́, ẹ má tì í wọlé. Ibi tó ti bó ní ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ẹ fi pílásítà bò ó kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ ní alẹ́ kó gbẹ.